Kí ẹ tó tẹ make: bí a ṣe ń kọ́ PostgreSQL láti inú kóòdù rẹ̀

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ dátábéèsì tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu yín, ẹ lo apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì lọ jẹun. Ubuntu 22.04 ń gbé PostgreSQL 14 wá, 24.04 ń gbé 16 wá. Àwọn tó ń ṣe PostgreSQL fúnra wọn sì ní ibùdó apt tiwọn, níbi tí gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń tọ́jú ti wà ní dídì. Kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún yín nítorí pé ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ohun tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ fún yín.

Àmọ́ ọjọ́ mìíràn wà tí apt kò ní lè ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n lè fún yín láyè lórí sáfà níbi iṣẹ́ láìfún yín ní sudo (àṣẹ ọ̀gá ẹ̀rọ), kó wá jẹ́ pé inú fódà ilé yín nìkan lẹ ti lè ṣe ohun tó wù yín. Ẹ lè fẹ́ dán àtúnṣe kan wò nínú kóòdù náà kí wọ́n tó gbé e jáde. Sáfà ọ̀hún lè ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó ń di nǹkan kan fún un mọ́. Nígbà náà, kóòdù ló kù.

Kíkọ́ ọ gan-an, ìyẹn sísọ kóòdù náà di ètò tó ń ṣiṣẹ́, kò le. Gcc ló máa ṣe é, tiyín ni kí ẹ jókòó. Ìlà méjì péré ló ń fẹ́ làákàyè: ìlà configure, tó ń yan ohun tí wọ́n máa kọ́ mọ́ ọn, àti ìlà initdb, tó ń dá dátábéèsì sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣì ṣe níbẹ̀ kì í pariwo lọ́jọ́ náà. Ó di ìgbà tí orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ti wọlé tán kó tó yọjú, ọwọ́ á sì ti bọ́.

Gbígbà á wálẹ̀

Ẹ̀dà 17.6 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀dà kéékèèké tuntun máa ń jáde ní oṣù kejì, oṣù karùn-ún, oṣù kẹjọ àti oṣù kọkànlá, nítorí náà ẹ wo èyí tó jáde kẹ́yìn kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ rọ́pò tèmi.

    V=17.6
    wget -c https://ftp.postgresql.org/pub/source/v$V/postgresql-$V.tar.bz2
    wget -c https://ftp.postgresql.org/pub/source/v$V/postgresql-$V.tar.bz2.sha256
    sha256sum -c postgresql-$V.tar.bz2.sha256
    tar xf postgresql-$V.tar.bz2
    cd postgresql-$V

Fáìlì náà kò tó 30 MB. Ìdí tí -c fi wà níbẹ̀ ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbedeméjì, ẹ ó kàn tún àṣẹ kan náà tẹ̀ ni, yóò sì máa bá a lọ láti ibi tó dé. Bí sha256sum kò bá sọ pé OK, ẹ má tú u. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ gba òmíràn. Ohun tó ń jẹ dátà ju fáìlì yìí lọ ni àwọn ohun èlò tí apt máa gbà wálẹ̀ láìpẹ́, nítorí náà bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, ẹ fi ìyẹn sí ọjọ́ tí ẹ bá rí Wi-Fi.

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù àlòkù lẹ ń lò, irú àwọn tó kún Emab Plaza ní Wuse 2, Abuja, ẹ kọ́kọ́ tẹ date. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń tọ́jú aago nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti kú. Tí iná bá tán nínú bátìrì ńlá, aago á padà sí ọdún àtijọ́. Wget á wá máa sọ pé ìwé ẹ̀rí ibùdó náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, bí ẹ bá sì gba ibòmíràn gba fáìlì náà, make á sọ pé:

    make: warning:  Clock skew detected.  Your build may be incomplete.

Ẹ má gbójú fo ìyẹn. Aago tó wà lára fáìlì ni make fi ń mọ èyí tó yẹ kó tún kọ́ àti èyí tó lè fò. Bí aago bá ń parọ́, á fo ohun tí kò yẹ kó fò. Ẹ tẹ sudo timedatectl set-ntp true, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún tẹ date wò.

Ibi tí ẹ máa tú u sí náà ṣe pàtàkì. Orí dísíìkì Linux gan-an ni kó wà, nínú fódà ilé yín. Ẹ má tú u sórí fíláàṣì: configure máa ń dá àwọn fáìlì atọ́ka tí wọ́n ń pè ní symlink, FAT àti exFAT kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo WSL lórí Windows, ẹ má gbé e sí /mnt/c. Yóò fà bí ìgbín. Ní ti àyè, fódà kóòdù máa gba nǹkan bí 350 MB nígbà tó bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, èyí tí ẹ bá gbé sórí ẹ̀rọ gba 60 MB, dátábéèsì òfìfo gba 40 MB, àyẹ̀wò rẹ̀ sì lè gba 300 MB mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Bí 1 GB bá ṣófo, ọkàn yín á balẹ̀.

Àwọn ohun èlò

    sudo apt install build-essential pkg-config bison flex perl \
      libreadline-dev zlib1g-dev libicu-dev libssl-dev \
      libsystemd-dev liblz4-dev libzstd-dev

Èyí tó ń da orí àwọn èèyàn rú jù ni pé configure lè sọ pé "readline library not found" nígbà tí readline wà lórí ẹ̀rọ ní tòótọ́. Òótọ́ ni, ó wà, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ètò tó ti parí ń lò ni. Gcc ń wá àwọn fáìlì .h tó máa fi mọ bí wọ́n ṣe ń bá readline sọ̀rọ̀, inú àpò tí orúkọ rẹ̀ parí sí -dev ni ìyẹn sì wà. Lórí Rocky tàbí Fedora, -devel ni wọ́n ń pè é.

Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé àlàyé àtijọ́ kan tí kò dárúkọ bison, flex àti perl, kì í ṣe pé ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé. Títí dé ẹ̀dà 16, àwọn fáìlì tí bison àti flex máa ń dá sílẹ̀ ti wà nínú àpò náà ní ṣíṣetán. Láti 17 ni wọ́n ti yọ wọ́n kúrò, ẹ̀rọ tiyín ló gbọ́dọ̀ dá wọn.

Ìlà configure

    ./configure --prefix=/usr/local/pgsql-17 \
      --with-ssl=openssl --with-systemd --with-lz4 --with-zstd

Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ẹ̀dà wà nínú prefix, ìyẹn fódà tí wọ́n máa gbé e sí. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹ bá fẹ́ gbé 18 wá, méjèèjì á lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìjà. Ẹni tí kò ní sudo lè kọ --prefix=$HOME/pgsql-17. Ẹ jẹ́ kí "pgsql" tàbí "postgres" wà nínú orúkọ fódà náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, configure á fi fódà postgresql mìíràn kún inú lib àti share, ẹ ó sì máa wá fáìlì níbi tí kò sí.

ICU, àkójọ kóòdù tó mọ bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń to lẹ́tà rẹ̀, ni kókó ibí yìí. Láti ẹ̀dà 16, configure kò ní lọ síwájú bí kò bá rí i, àfi kí ẹ sọ fún un pé --without-icu. Ọ̀pọ̀ ló ń rí àṣìṣe náà, tí wọ́n á ka ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á sì fi --without-icu pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tí orúkọ Ṣọlá àti Ọláitan máa wà nínú dátábéèsì yín, ẹ má dán an wò. Mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni --without-readline. Yóò kọ́, ṣùgbọ́n ẹ wọ inú psql, ètò tí wọ́n fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, kí ẹ tẹ ọfà òkè láti pe àṣẹ tó kọjá padà, ^[[A lẹ máa rí lójú ìlà.

Ẹ fi --with-blocksize sílẹ̀ ní 8 kB tó wà. Dátà tí sáfà alábúlọ́ọ̀kù 16 kọ sílẹ̀, sáfà alábúlọ́ọ̀kù 8 kò ní ṣí i láéláé. --enable-cassert wà fún ẹni tó ń tún kóòdù ṣe. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn gidigidi, kò sì yẹ lórí sáfà táwọn èèyàn ń lò. Meson, ọ̀nà mìíràn láti kọ́ ọ, náà wà láti ẹ̀dà 16, ó sì yára ju configure lọ, àmọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́, ìdáhùn tí ẹ máa rí fún configure pọ̀ jù, nítorí náà òun ni mo fi lé yín lọ́wọ́.

Bí configure bá kọ̀, ẹ má wo ìsàlẹ̀ config.log, kìkì orúkọ àti iye ló kún ibẹ̀. Ẹ lo grep -n 'error:' config.log, ohun tó fà á gan-an wà lókè. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí àṣàyàn kan padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ́ díẹ̀, make distclean ló ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtijọ́ àti tuntun á dàpọ̀.

Make

    make -j4 world-bin
    make check
    sudo make install-world-bin

Ẹ kíyè sí i pé ìlà kẹta nìkan ló ní sudo. Make check kì í ṣiṣẹ́ fún root (ọ̀gá ẹ̀rọ), nítorí sáfà PostgreSQL fúnra rẹ̀ kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ root. Ẹni tó bá sì ti fi sudo tẹ make lẹ́ẹ̀kan, root ti gba àwọn fáìlì yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Permission denied ni yóò máa rí títí tó fi máa lo chown.

Mo kọ world-bin nítorí pé make lásán kò kọ́ àwọn ohun tó wà nínú contrib, irú pg_trgm tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti wá orúkọ tí wọ́n kọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. World tí kò ní -bin fẹ́ kọ́ ìwé àlàyé pọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn sì ń béèrè àwọn ohun èlò mìíràn tí ẹ kò nílò.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé -j, iye gcc tó máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe nproc (iye core tí ẹ̀rọ ní) nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Gcc kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ ló ń jẹ mẹ́mọ́rì tirẹ̀. Lórí sáfà kékeré tó ní 1 tàbí 2 GB, -j8 lè bí èyí:

    gcc: fatal error: Killed signal terminated program cc1

Kóòdù kọ́ ló bàjẹ́. Kernel ló pa gcc nítorí mẹ́mọ́rì tán, sudo dmesg | grep -i 'killed process' á sì jẹ́rìí sí i. Ẹ dín in kù sí -j2, tàbí kí ẹ fi swap, àyè dísíìkì tí ẹ̀rọ ń lò bíi mẹ́mọ́rì, kún un:

    sudo fallocate -l 2G /swapfile
    sudo chmod 600 /swapfile
    sudo mkswap /swapfile
    sudo swapon /swapfile

Àṣìṣe mìíràn tó jọ ọ́ ni "internal compiler error: Segmentation fault". Ẹ tún make tẹ̀. Bó bá jẹ́ fáìlì kan náà ló ti kú lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, gcc yín ló ní àléébù. Bó bá ń kú ní fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn: mẹ́mọ́rì ti bàjẹ́, tàbí ooru ti pọ̀ jù. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Abuja, láptọ́ọ̀pù tí eruku ọyẹ́ ti dí fáànù rẹ̀, tí wọ́n tún gbé ka orí bẹ́ẹ̀dì, kò lè fi gbogbo core rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fi ìwé méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kí ẹ lo -j2.

Tí wọ́n bá wá mú iná lọ lágbedeméjì ńkọ́, tí bátìrì kò sì gbé e? Àwọn fáìlì .o tí gcc ń kọ lọ́wọ́ lè wà lórí dísíìkì láìní ohunkóhun nínú. Make á rí i pé wọ́n wà, aago wọn sì tuntun, á fò wọ́n, ìgbà ìsopọ̀ ìkẹyìn ni ariwo "file format not recognized" tàbí "undefined reference" á bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ èyí kí ẹ tó máa bá a lọ:

    find . -name '*.o' -size 0 -delete

Ṣùgbọ́n make clean ló dájú jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni yóò tún gbà.

Bó bá parí, ẹ tẹ echo $?, kó fún yín ní 0. Make check á ka àwọn àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì parí sí "tests passed". Bí ọ̀kan bá ṣubú, fáìlì src/test/regress/regression.diffs á fi ìlà tó yàtọ̀ hàn yín gẹ́lẹ́. Ó lè jẹ́ àyè ló tán lórí dísíìkì.

Ẹni tó máa ni dátà náà

    sudo useradd --system --create-home --home-dir /var/lib/pgsql-17 \
      --shell /bin/bash postgres
    sudo install -d -o postgres -g postgres -m 0700 /var/lib/pgsql-17/data

Ọ̀rọ̀ --system yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Systemd, tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò lórí ẹ̀rọ, ní àṣà kan tó ń jẹ́ RemoveIPC: bí aṣàmúlò tí kì í ṣe ti ètò bá jáde kúrò lórí ẹ̀rọ, á gbá gbogbo mẹ́mọ́rì àjọlò tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ dànù. Sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lábẹ́ orúkọ yẹn á wá máa pariwo pé "could not remove shared memory segment", tàbí kó tilẹ̀ ṣubú, gbogbo rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan tẹ exit. Ẹni tó ń kọ́ ọ sínú fódà ilé rẹ̀ láìní sudo gbọ́dọ̀ bẹ ọ̀gá sáfà kó fi RemoveIPC=no sínú /etc/systemd/logind.conf.

Ẹ má gbé fódà data sórí dísíìkì NTFS o. PostgreSQL ń béèrè pé kí ó jẹ́ 0700 tàbí 0750, chmod kì í sì í sábà ran NTFS. "Data directory has invalid permissions" ni ìdáhùn tí ẹ máa gbà.

Ìlà initdb

    sudo -iu postgres
    export PATH=/usr/local/pgsql-17/bin:$PATH
    initdb -D ~/data -E UTF8 --locale-provider=builtin \
      --builtin-locale=C.UTF-8 --locale=C.UTF-8 \
      -k -A scram-sha-256 -W

Bí ẹ bá tẹ initdb -D ~/data nìkan, ohun tó bá bá nínú LANG, ètò èdè ẹ̀rọ, ló máa mú. Lórí sáfà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, LANG lè jẹ́ C tàbí kó ṣófo, SQL_ASCII sì ni ìkọsílẹ̀ lẹ́tà dátábéèsì náà á jẹ́. SQL_ASCII kò mọ lẹ́tà, báìtì ló mọ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan:

    SELECT length('Ṣọlá');

4 ni ìdáhùn tó pé. Bí ẹ bá rí 9, SQL_ASCII lẹ wà: Ṣ jẹ́ báìtì mẹ́ta, ọ mẹ́ta, l ọ̀kan, á méjì. Bí ẹ bá sì rí 7, dátábéèsì yín dára, orúkọ tó wọlé ni wọ́n kọ ní túútúú: S lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, o lọ́tọ̀, títí lọ. Bí kíbọ́ọ̀dù kan ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, òmíràn á sì tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kan ṣoṣo. Lójú èèyàn, Ṣọlá kan náà ni. Lójú àmì = nínú SQL, èèyàn méjì ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn á sì wá orúkọ ara rẹ̀ títí, kò ní rí i. Ìwòsàn rẹ̀, tó ń kó lẹ́tà túútúú pọ̀ di ọ̀kan (NFC), wà láti ẹ̀dà 13:

    UPDATE omo_egbe SET oruko = normalize(oruko, NFC);
    ALTER TABLE omo_egbe ADD CHECK (oruko IS NFC NORMALIZED);

Lẹ́yìn èyí, orúkọ tó bá wọlé ní túútúú, dátábéèsì á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ̀rù má ba yín bí length('ẹ́') bá jẹ́ 2 síbẹ̀: kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode tó kó àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ẹ pọ̀, NFC ti ṣe ibi tó lè ṣe dé.

Ti títò ló kù, ibẹ̀ sì ni ICU ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo orúkọ mẹ́fà yìí, irú èyí tí ẹ lè bá nínú ìwé orúkọ kíláàsì kan ní Kubwa:

    SELECT n FROM (VALUES ('Zainab'),('Ṣọlá'),('Sunday'),
      ('Túndé'),('Gbénga'),('Grace')) AS t(n) ORDER BY n;

C.UTF-8 á tò wọ́n báyìí: Gbénga, Grace, Sunday, Túndé, Zainab, Ṣọlá. Ó ti lé Ṣọlá sẹ́yìn Zainab, nítorí pé nọ́ńbà lẹ́tà ló ń wò, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ wá fi ORDER BY n COLLATE "yo-x-icu" parí ìlà kan náà: Grace, Gbénga, Sunday, Ṣọlá, Túndé, Zainab. Gb ti di lẹ́tà tó dá dúró lẹ́yìn G, Ṣ sì ti wà láàárín S àti T, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú ABD. Ẹ̀yin tó wà ní Kano tàbí Zaria, "ha-x-icu" wà fún Ɓ, Ɗ àti Ƙ ti Hausa. Sáfà tí wọ́n fi --without-icu kọ́ kò ní èyíkéyìí nínú wọn.

Kí ló dé tí mi ò wá fi yo ṣe ti gbogbo dátábéèsì? Nítorí Ubuntu. ICU inú ẹ̀rọ ni PostgreSQL yín so mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé 22.04 lọ sí 24.04, ICU 70 á di 74, sáfà yín kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rárá:

    error while loading shared libraries: libicui18n.so.70

Ẹ ó tún un kọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí títò lẹ́tà bá yí padà díẹ̀ láàárín ICU méjèèjì, gbogbo ìndẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ti àtijọ́ tò ti di ẹlẹ́tàn: orúkọ á wà nínú tábìlì, ìndẹ́ẹ̀sì á ní kò sí. PostgreSQL á kìlọ̀ fún yín pé ẹ̀dà collation (òfin títò lẹ́tà) kò bára mu, ẹ ó sì lo REINDEX kí ẹ tó tẹ ALTER COLLATION "yo-x-icu" REFRESH VERSION. Bó bá jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù méjì tàbí mẹ́ta lẹ fi yo sí, iṣẹ́ kékeré ni. Bó bá jẹ́ dátábéèsì odindi, ẹ wá àyè. C.UTF-8 ti builtin, tó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 17, inú PostgreSQL fúnra rẹ̀ ló wà. Ubuntu kò lè fọwọ́ kàn án.

-k ń fi àmì ìṣirò sára ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kò ní kí iná má lọ, kò sì ní kí dísíìkì má bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ojú ewé kan bá bàjẹ́, á sọ fún yín dípò kó máa fún yín ní irọ́. Ní ẹ̀dà 18, ó ti wà ní títàn láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lè dá sáfà dúró kó tẹ pg_checksums --enable. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ pa fsync, tó ń rí i pé dátà dé orí dísíìkì ní tòótọ́, kó lè yára, ẹ bi í léèrè bóyá iná kì í lọ ládùúgbò tirẹ̀. Láìsí -A scram-sha-256, initdb á kọ trust sínú pg_hba.conf: ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ náà á wọlé láìsí páásíwọ́ọ̀dù.

Bí initdb bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí ìlà "selecting default time zone ... Africa/Lagos". Abuja kò ní tirẹ̀ nínú àkójọ yẹn, olú ìlú tàbí kì í ṣe olú ìlú. Ẹni tó bá kọ Africa/Abuja sínú postgresql.conf, sáfà rẹ̀ kò ní gbéra. Bí tiyín bá sọ Etc/UTC, aago UTC ni wọ́n tò sáfà náà sí.

Bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ẹni tí kò ní sudo á tẹ pg_ctl -D ~/data -l ~/pg.log start, ó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní i, ẹ tẹ exit kúrò lórí aṣàmúlò postgres, kí ẹ kọ èyí sínú /etc/systemd/system/postgresql-17.service:

    [Unit]
    Description=PostgreSQL 17
    After=network-online.target
    Wants=network-online.target

    [Service]
    Type=notify
    User=postgres
    ExecStart=/usr/local/pgsql-17/bin/postgres -D /var/lib/pgsql-17/data
    ExecReload=/bin/kill -HUP $MAINPID
    KillMode=mixed
    KillSignal=SIGINT
    TimeoutSec=infinity

    [Install]
    WantedBy=multi-user.target

Lẹ́yìn náà, sudo systemctl daemon-reload, àti sudo systemctl enable --now postgresql-17.

Type=notify ló fà á tí --with-systemd fi wà nínú configure. Láìsí i, sáfà á gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún systemd pé òun ti dìde, systemd á sì máa dúró dè é. TimeoutSec=infinity jẹ́ tiwa gan-an: bí iná bá lọ lójijì, sáfà á kọ́kọ́ ka WAL rẹ̀ (àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà tó ṣe) láti tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá padà dé. Bó bá gbà ju 90 ìṣẹ́jú àáyá tí systemd máa ń fún ètò lọ, systemd á pa á lẹ́nu àtúnṣe, sáfà ò sì ní dìde.

Bó bá ní "Address already in use", PostgreSQL tí apt gbé wá ló ti jókòó sórí 5432. Ẹ fún tuntun ní port = 5433 nínú postgresql.conf.

Èyí tó ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ jù nìyí:

    connection to server on socket "/var/run/postgresql/.s.PGSQL.5432" failed: No such file or directory

Sáfà ń ṣiṣẹ́, ps fi hàn, síbẹ̀ psql ní kò sí. PostgreSQL tí ẹ kọ́ fúnra yín ń gbé sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀, fáìlì tí psql ń gbà bá a sọ̀rọ̀, sí /tmp. Psql ti Debian àti Ubuntu ń wá a ní /var/run/postgresql. psql ti apt lẹ ń tẹ̀ láìmọ̀. Ẹ tẹ which psql, ẹ ó rí /usr/bin/psql. Ẹ gbé /usr/local/pgsql-17/bin ṣáájú nínú PATH, tàbí kí ẹ tẹ psql -h /tmp.

Ọ̀rọ̀ PostgreSQL méjì yìí náà ló wà lẹ́yìn "incompatible library: version mismatch" nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ẹ̀kún (extension) mìíràn láti ìta. Make rẹ̀ ń pe pg_config, èyí tó sì kọ́kọ́ bá lójú ọ̀nà ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ dárúkọ tiyín fún un:

    make PG_CONFIG=/usr/local/pgsql-17/bin/pg_config
    sudo make PG_CONFIG=/usr/local/pgsql-17/bin/pg_config install

Nígbà tí 17 kékeré mìíràn bá jáde, dátà yín kò ní àtúnṣe kankan tó fẹ́. Ẹ tẹ pg_config --configure, yóò ka gbogbo àṣàyàn tí ẹ lò nígbà yẹn sílẹ̀. Ẹ fi wọ́n kan náà kọ́ tuntun, kí ẹ ṣe make check nígbà tí sáfà àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, systemctl stop, make install-world-bin, systemctl start. Láti 17 sí 18 ni pg_upgrade tàbí pg_dumpall ti wọ̀ ọ́. Àpò kóòdù tí ẹ fi kọ́ ọ, ẹ má pa á rẹ́. Tí Ubuntu bá yí ICU padà mọ́ yín lọ́wọ́ lóru, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì sí, òun lẹ máa wá.